Imú-Irin àti Ọkọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọyún ni ohun tó ń ríni lára jù láyé. Ọyún kì í tan èèyàn jẹ. Bó bá ń rùn, ó ń rùn náà nìyẹn, kò ní fi lọ́fínńdà para kó wá jókòó tì yín ní pálọ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mọ èyí dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni, yàrá iṣẹ́ abẹ ló sì wà láti ìgbà tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè wẹ egbò tó ti jẹrà láàárọ̀, á fọ ọwọ́, á bọ́ aṣọ iṣẹ́, á sì lọ jókòó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń sá jáde bí wọ́n bá ti ṣí egbò ló sọ ọ́ ní Imú-Irin. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn aláìsàn náà ń pè é ní Sístà Imú-Irin, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Irọ́ ló ń rí i lára. Bó bá ti já irọ́ tí ẹnì kan pa fún un, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bì. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú. Lọ́jọ́ tí Imú-Irin pe ọkùnrin náà lórí fóònù, òkú ló gbé e. Láti ìgbà náà ni kò ti gbọ́rọ̀ ọkùnrin mọ́, tí ìyá rẹ̀ sì ń sọ títí pé, "Ọmọ mi, ta ni kì í parọ́ díẹ̀? Bàbá rẹ sọ fún mi pé òun ní ilẹ̀. Títí tó fi kú, mi ò rí ilẹ̀ náà."

Ibi tí ìfẹ́ ti wá ká a mọ́, kò sẹ́ni tó lè rò ó. Ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń la ikùn. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìdí tí ẹnì kan fi ń rí iṣẹ́ abẹ gbà ní apá kan ayé, tí ẹlòmíràn tó ní àìsàn kan náà sì ń kú síbi tó jókòó sí ní apá mìíràn. Òkè òkun làwọn olùkọ́ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fọ́n káàkiri ayé. Ní ọsibítù Imú-Irin, inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ tíátà, ìyẹn aṣọ iṣẹ́ abẹ, sí nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Nítorí náà, bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́sàn-án, á lọ jókòó sáàárín òkìtì aṣọ aláwọ̀ ewé, á gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aláìsàn. Àkọ́kọ́ wà nílé, kí wọ́n tó gbà pé ọsibítù ló kàn. Èkejì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta wà ní ọsibítù fúnra rẹ̀, níbi tí dókítà ò ti sí tàbí tí iná ò sí. Olùkọ́ ní kí kálukú mú ìtàn aláìsàn kan wá, kó fi ṣàlàyé ìdádúró kan níwájú kíláàsì.

Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tó ń gbọ́ èdè ìlú Imú-Irin. Dókítà iṣẹ́ abẹ ni, ní ìlú mìíràn tí kò jìnnà púpọ̀ sí ti Imú-Irin. Ojú rẹ̀ tutù, ó ń lo awò ojú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lọ́jọ́ tó kàn án, ó gbé fọ́tò ọyàn obìnrin kan sójú kọ̀ǹpútà. Kò fi ojú obìnrin náà hàn. Kókó ti bẹ́ lára ọyàn ọ̀tún, ó ti di egbò. Lókè ọyàn náà, lẹ́bàá èjìká, àpá iná àtijọ́ kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Abúlé kan ni mo ti pàdé màmá yìí," ni Dókítà wí. "Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn kú sílé àwọn. Ìdádúró àkọ́kọ́ nìyí. Kí ọ̀bẹ tó kan ara, ilé ti pa aláìsàn tán."

Ohùn rẹ̀ já. Ó bọ́ awò, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ sọ pé nínú gbogbo ìtàn tóun ti gbọ́, èyí ló dáa jù, ó sì fún un ní máàkì tó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Imú-Irin tó wà láàárín òkìtì aṣọ fa apá aṣọ tíátà kan, ó fi nu ojú tirẹ̀ náà. Ọkùnrin tó lè sunkún báyìí nítorí ìyá ẹlòmíràn, kí ni kò ní ṣe fún ìyá tirẹ̀? Ohun tó sọ nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn, àtọjọ́ náà ló sì ti kó sí i lọ́wọ́.

Òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé ránṣẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Dókítà fèsì. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì, àwọn méjèèjì mú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ lórí fóònù, kò sì pẹ́ tí ẹ̀kọ́ fi di ìwọ̀nba.

"Sístà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Dókítà."

"Kí lẹ jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì lánàá, búrẹ́dì lónìí. Ṣé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

"Bó bá ṣáà ti jẹ́ olóòótọ́, kí ló burú ńbẹ̀?"

"Èmi ò mọ búrẹ́dì ṣe o," ni Dókítà wí, "àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ẹ láéláé." Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ yọ "ẹ̀yin" kúrò, tó fi "ìwọ" sí i. Imú-Irin gbọ́ ọ, kò sì bá a wí.

Nígbà tí wọ́n máa fojú kanra, ilé tíì kan lẹ́bàá gáréèjì ọkọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí. Láti orí dé àyà ni Imú-Irin mọ̀ ọ́n mọ, torí ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn. Ó wọlé, ó rí i nídìí tábìlì, ó ní kó má dìde. Dókítà ní òun ti dìde, bí òun ṣe ga mọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí àwọn tó jókòó fi ń wò wọ́n, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí Dókítà ń sìn ín lọ sídìí ọkọ̀, ó fẹnu kò ó lẹ́nu lẹ́yìn ògiri gáréèjì. Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Imú-Irin kọrin wọ tíátà lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dókítà sì ní kí ẹni tó ń kọrin rọra, aláìsàn ò tíì sùn.

Wọ́n nílò alárinà, Ọlọ́run sì ti ṣe é sílẹ̀. Obìnrin tó ń rán aṣọ tíátà fún ọsibítù Imú-Irin ni àbúrò ìyá Dókítà. Àǹtí Aránṣọ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú, ó fẹ́ràn Imú-Irin látọjọ́ tó ti pẹ́, nígbà tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun ti ń wọ̀n ọ́n lójú fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun láti ọdún tó kọjá. Ó mú ọ̀rọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Dókítà. Nígbà tó dé, kò lè wo Imú-Irin lójú.

"Kí ni wọ́n wí, Àǹtí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Kí ni nọ́ọ̀sì ṣe fún wọn?"

"Ó ní ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ìdọ̀tí èèyàn ò gbọdọ̀ bu omi fóun mu. Ó ní kí ọmọ òun fẹ́ tíṣà, kó fẹ́ oníṣòwò, kó fẹ́ ẹni tó bá wù ú, kó ṣáà má mú nọ́ọ̀sì wọlé òun. Má bínú. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Imú-Irin lára. Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn iṣẹ́, ó fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń ta á, ó gbé e símú, ó tún un fọ̀. Iṣẹ́ tó fi ń gba èèyàn là ni ẹlòmíràn ń pè ní ìdọ̀tí yìí. Ó pe Dókítà. Dókítà ní kó fi Màmá sílẹ̀ fún òun, wọ́n máa rọ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù mìíràn tẹ̀ lé e. Bó bá ti bi í pé, "Ṣé o ti bá wọn sọ ọ́?" á ní, "Mò ń wá àsìkò tó dáa." Imú-Irin fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní èwo nínú ìdádúró mẹ́ta nìyí. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan mìíràn.

Ara Àǹtí Aránṣọ ni kò gbà á mọ́. Ó já wọlé ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní, "Wọṣọ. À ń lọ. Bó bá máa lé ẹ, kó lé wa pa pọ̀."

Ilé ìyá Dókítà mọ́. Ó mọ́ jù. Gbogbo fèrèsé ló ṣí, fáànù ń fẹ́, káńfọ̀ wà ní igun pálọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan sì ti fi lọ́fínńdà wọ́n gbogbo ìjókòó títí afẹ́fẹ́ fi ń ta ni lójú. Dókítà wà níbẹ̀, ó ń làágùn. Màmá rẹ̀ jókòó sórí àga ńlá lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin gíga tó ṣì rẹwà, tó fi ìborùn nípọn kan bo àyà nínú oòrùn tó ń mú. Imú-Irin kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ ni nọ́ọ̀sì?"

"Èmi ni, Mà."

"Dìde. Má sún mọ́ mi. Jókòó sí ọ̀hún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn."

Ó jókòó sí ọ̀hún. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Kí lo fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́?"

"Ọṣẹ, Mà. Àti oògùn tó ń pa kòkòrò."

"Òórùn rẹ̀ sì ń lọ?"

"Ó ń lọ, Mà."

"Irọ́ ni," ni Màmá wí. "Kì í lọ."

Imú-Irin fẹ́ fèsì, àmọ́ fáànù yí síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ káńfọ̀, lábẹ́ lọ́fínńdà, òórùn kan wà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Òórùn ẹran ara tó ń kú nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè ni. Ó wo Dókítà, Dókítà ń wo ilẹ̀. Ó wo Àǹtí Aránṣọ, ẹni yẹn ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò mọ nǹkan kan.

Màmá dìde pé òun fẹ́ mú nǹkan nínú yàrá. Imú-Irin tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Kí lo fẹ́ rí?"

"Ọyàn yín, Mà."

Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún kó gbá a lójú. Ọwọ́ náà kò lọ sókè tán. Ìrora mú un padà sílẹ̀, Màmá sì rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tán.

"Ta ló sọ fún ẹ? Aránṣọ pàápàá ò mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Iṣẹ́ mi ni, Mà."

Màmá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ṣí ìborùn. Àkísà tí wọ́n ká léra wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti tutù. Imú-Irin yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Egbò náà ti jẹ ọyàn ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí ohun tó wà níbẹ̀ tí Imú-Irin ò rí rí. Kò yínmú, kò fà sẹ́yìn. Àfi ìgbà tó gbé ojú sókè díẹ̀. Lẹ́bàá èjìká, àpá iná àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ó rọra bo Màmá, ó ní òun ń bọ̀, ó jáde gba ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó sì bi gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀.

Dókítà tẹ̀ lé e jáde. Ó mú omi dání nínú kọ́ọ̀pù. Imú-Irin kò gbà á.

"Abúlé wo lo ti pàdé màmá yẹn?"

"Rọra sọ̀rọ̀, wọ́n máa gbọ́."

"Mo ní abúlé wo?"

"Mi ò fi ojú wọn hàn," ni Dókítà wí. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ́ ni mo fi ṣe. Gbogbo kíláàsì ló rí nǹkan kọ́ níbẹ̀, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀."

"O sunkún."

"Ẹkún òótọ́ ni. Ìyá mi ni. Ṣé o rò pé kò dùn mí?"

"Bó bá dùn ẹ́, kí ni wọ́n ṣì ń ṣe nílé?"

"Wọ́n kọ̀ ni. O ṣáà mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Ìdádúró àkọ́kọ́ ni, ohun tí wọ́n kọ́ wa—"

"Má pe ìdádúró kankan sí mi létí."

Dókítà wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ ọn, ó fa ohùn sílẹ̀, ohùn tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún yẹn gan-an. "Wò ó. Oníṣẹ́ abẹ ni mí. Bí mo bá gbé ìyá mi wọ ọsibítù báyìí, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe rí yìí, kí ni àwọn ọ̀gá mi máa sọ? Wọ́n á ní ibo ni mo wà. Àwọn olùkọ́ wa sì ti pè mí sókè òkun pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yẹn. Jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀. Bí mo bá dé, màá gbé wọn lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ mí, àwa méjèèjì á sì ṣègbéyàwó. Má bà á jẹ́ nítorí fọ́tò."

Imú-Irin wo ẹnu náà bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ẹnu tóun fi ẹnu òun kò nìyẹn. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́, ó nu ètè ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un nù, bí ẹni tí nǹkan ṣì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

"Ìgbéyàwó ńkọ́?" ni Dókítà tún bi í.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ni Imú-Irin fi dá a lóhùn. Ó ké sí inú ilé. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Màmá wọṣọ. À ń lọ sí ọsibítù báyìí."

Ó rò pé Màmá máa bá àwọn jà. Màmá ò janpata rárá. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń wo ìta. Ọ̀gá dókítà ní ọsibítù Imú-Irin gé ọyàn náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní, "Ká ní ìgbà tí kókó yìí ṣì kéré ni wọ́n ti gbé e wá..." Wọ́n ní oògùn omi tí wọ́n ń fà sí ara fún jẹjẹrẹ ló kàn, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí kankan.

Imú-Irin ló ń wẹ ojú iṣẹ́ abẹ náà láràárọ̀. Kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn fọwọ́ kàn án. Màmá kọ́kọ́ ń yí ojú sí ògiri, nígbà tó yá ó ń wò ó, nígbà tó tún yá ó ń sọ̀rọ̀. Ó sọ bí iná ṣe jó òun léjìká ní kékeré. Ó sọ bí òun ṣe dá ọmọ kan ṣoṣo tọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pe Imú-Irin ní ìyàwó mi. Imú-Irin ní, "Mà," ó sì tẹ orí ba.

Dókítà pẹ̀lú ń wá. Á gbé èso wá nínú àpò, á dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú awò rẹ̀, á máa sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Mo bẹ Màmá títí kí wọ́n tó gbà láti wá. Àwọn àgbà wa, ẹ ti mọ̀ wọ́n." Àwọn nọ́ọ̀sì á ní ọmọ rere nìyí. Imú-Irin á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Ohun tó sì rí i lára jù lọ ni pé ó ṣì ń ṣàárò Dókítà. Bó bá di àsìkò tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí fóònù fúnra rẹ̀. Á jókòó sínú yàrá aṣọ yẹn, á máa gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ní òun ò mọ búrẹ́dì ṣe nínú ọkàn rẹ̀, á sì bínú sí ara rẹ̀. Ìfẹ́ kì í tán lọ́jọ́ tí èèyàn bá rí ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Àǹtí Aránṣọ ló gbé ìròyìn ayọ̀ dé. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá wọ̀n ẹ́ fún aṣọ ìgbéyàwó. Gbé apá sókè."

"Àǹtí, ẹ ká téèpù yín."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Àǹtí Aránṣọ jókòó. "Ṣé ó ń yan àlè ni?"

"Rárá."

"Ó nà ẹ́?"

"Rárá, Mà."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ń rí mi lára."

"Ọkùnrin wo ni kì í rí èèyàn lára? Ọkọ mi ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bímọ mẹ́rin fún un. Lẹ́yìn gbogbo ẹsẹ̀ tí mo fi rìn? Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀? Ìwọ náà wá di ọlọ́lá tó ń fi ojú di wá?"

Imú-Irin gbà á sára. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á dé etí Màmá pé gbogbo ayé ti rí ọyàn rẹ̀, obìnrin tó fi ìborùn bo ara rẹ̀ lójú àbúrò tó bá a jáde inú ìyá kan náà. Ó sàn kí wọ́n máa pe òun ní agbéraga. Ó pinnu pé òun máa gbé ẹ̀bi náà lọ, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi bo ojú iṣẹ́ abẹ náà. Màmá wò ó títí.

"Aránṣọ ní o kọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́ nígbà tó o bì lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Fèrèsé yàrá mi ṣí sílẹ̀."

Ọwọ́ Imú-Irin dúró.

"Mi ò bínú sí ẹ. Èmi fúnra mi, mi ò lè gba òórùn ara mi nígbà yẹn. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ nọ́ọ̀sì nílé mi, mo mọ̀ pé o máa gbọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé kò sí mọ́. Wọ́n ti gé e. Bó o bá fẹ́ ọmọ mi, kò ní sí òórùn kankan nínú ilé tó o máa gbé."

Imú-Irin dá gọ́ọ̀sì padà sínú abọ́. Ó rò pé òun lè dákẹ́. Ó wo ojú obìnrin yìí, tó ń fi ara rẹ̀ tọrọ àforíjì pé ó ṣàìsàn, kò sì lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èrò yẹn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kì í ṣe ara yín ló mú mi bì. Ọmọ yín ni."

Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ó sọ ti kíláàsì inú kọ̀ǹpútà, ti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ láti ìlú káàkiri, ti fọ́tò náà. Màmá ń gbọ́.

"Ojú mi wà níbẹ̀?"

"Rárá, Mà. Àpá yín ni mo fi mọ̀ yín."

"Fọ́tò yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, Mà."

Ojú Màmá là díẹ̀. Ó gbé ara sókè lórí ìrọ̀rí. "Ọmọ mi sọ fún mi pé kò tíì dé. Nígbà tó máa yà á, mo kọ̀, ojú ń tì mí. Ó ní àwọn dókítà ńlá òkè òkun lòun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, pé wọ́n máa sọ ohun tá a máa ṣe sí i. Ni mo bá gbà. Bí mo bá ní ká máa lọ sí ọsibítù, á ní kí n ṣe sùúrù kí èsì dé. Mo ṣe sùúrù. Láti ìgbà tí kò ju kókó kan tó bẹ́ lọ ni mo ti ń retí wọn. Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní ó dáa, Mà. Wọ́n fún un ní máàkì."

"Máàkì bíi ti ilé-ìwé?"

"Bíi ti ilé-ìwé, Mà."

"Ó yege?"

"Ó yege. Òun ló gbà jù."

Màmá mi orí.

"Ọmọ mi ti máa ń yege láti kékeré," ló wí. Ó yí ojú sí ògiri, ó sì gbé apá ọ̀tún díẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè rí ibi tó kù láti wẹ̀.